Ohun Tí Mo Sọ fún Ìyá Wa

Ní Ìsánlú, ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà mi kọjú sí ọ̀nà Mọ̀pà.
Mo pa jẹnẹrétọ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́,
mo gbé fóònù lé orí ilẹ̀kùn irin tí n ò tíì jó parí,
mo fi òkúta kékeré tì í nídìí.
Ojú ọ̀tún Ìyá ti kú, tòsì ń ṣe bàìbàì;
etí rẹ̀ nìkan ni ọjọ́ orí kò rí mú.

Kẹ́hìndé yọ.
Ṣòkòtò péńpé ló wọ̀, nọ́ńbà láyà,
ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ìgbà tó ń fo poro ẹ̀gẹ́ Bàbá
mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan,
tí èmi ń fi okùn wọn ibi tó bọ́ sí.
Èmi ni mo kọ́kọ́ wá tọ́ ayé wò fún un.
Níjọ́ tó wọ bàálù, òun ló lọ tọ́
eléyìí tí ẹnu mi ò dé wò.

Ó na ọwọ́ sókè kí wọ́n pàtẹ́wọ́.
Nígbà náà ni apá kan pápá bẹ̀rẹ̀:
Hú. Hú. Hú. Hú.
Àwọn ọkùnrin tó dàgbà, tó wọ kóòtù òtútù,
wọ́n ń họ abíyá.
Bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ lé èjìká,
ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.
Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan bọ́ sínú iyanrìn.

Ìyá ní, "Táyé, kí ni wọ́n ń sọ?"

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń jó irin,
mo mọ bí iná ṣe ń ta ojú.
N ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti bọ́ sí mi lẹ́nu.
Mo ní, "Wọ́n ń kì í ni, Ìyá.
Wọ́n gbọ́ pé ìbejì ni.
Ẹdun ni wọ́n ń pè é."

"Ẹdun!" Ìyá pàtẹ́wọ́.
"Ta ló kọ́ òyìnbó ní oríkì ọmọ mi?"
Ó sún mọ́ fóònù títí ètè rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án,
ó kí wọn bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa:
"Okun o! Ẹ̀yin èèyàn rere, okun o!"

Ìfò kìíní, ó tẹ ìlà kọjá. Àsíá pupa.
Ìkejì, pupa.
Hú. Hú. Ìyá ń mi orí sí i.
Ìkẹta, ó dúró pẹ́.
Ètè rẹ̀ ń mì, mo mọ̀ pé ìṣísẹ̀ ló ń kà,
bí mo ṣe máa ń kà á fún un lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé.
Mo bá a kà á. Mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún,
fóònù dúró gbagidi. Dátà tán.

Kí n tó ra káàdì lọ́dọ̀ Ìyá Bámiró kí n tó dé,
ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi hàn.

Alẹ́ ló pè. Ipò kẹrin.
Kó tó sọ nǹkan mìíràn, Ìyá ti já fóònù gbà:
"Kẹ́hìndé, mo gbọ́ wọn o! Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kì ọ́!"
Kẹ́kẹ́ pa.
Mo ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá ní ìlú tí n ò mọ̀.
"Ẹ̀n, Ìyá," ó ní. "Wọ́n kì mí gan-an."
Ó ní kí n gba fóònù. Kò sọ nǹkan.
Èmi náà ò sọ nǹkan.
A wà bẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí wọn ò tíì bí wa,
tí ẹnìkan ń gbọ́ mímí ẹnìkejì.

Lọ́jọ́ kejì Ìyá se ẹ̀wà elépo,
ó ní ọpẹ́ ni, fún ìlú tó mọ oríkì ọmọ ọlọ́mọ.
Mo gbé abọ́ láti ojúlé dé ojúlé.
Àwọn ọmọdé rọ́ yí mi ká, epo lọ́wọ́, epo lẹ́nu:
"Ẹdun! Táyé ọmọ ẹdun!"
Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀.
Abọ́ gbóná lọ́wọ́ mi.
Ó pẹ́ díẹ̀
kí n tó fo gọ́tà fún wọn.